Ìwọ̀n Ara Ẹ̀rọ Ni Ká Kọ́kọ́ Mọ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Páọ̀ṣì fún Láptọ́ọ̀pù Kékeré

Ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù ní Computer Village, ní Ìkẹjà, kì í sábà kúrò níbẹ̀ láìgba àpò kan mọ́ ọn. Ẹni tó ta ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀, á fa àpò dúdú kan yọ lábẹ́ tábìlì, á ní èènì ni. Èènì dára, ta ni yóò kọ̀ ọ́? Àmọ́ ẹ wo àpò náà dáadáa: ẹ̀rọ oní-íǹṣì 15 ni wọ́n rán an fún, èyí tí oníbàárà sì rà kò ju íǹṣì 12 tàbí 13 lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ kékeré náà á ti máa yọ̀ sọ́tùn-ún, yọ̀ sósì nínú aṣọ tó jù ú lọ, tí igun rẹ̀ á máa gbá ìsàlẹ̀ àpò nígbàkígbà tí ẹni tó gbé e bá sọ àpò kalẹ̀. Kò ní pẹ́ tí igun kan á fi tẹ̀ wọnú, tí àgbékọ́ ìdérí á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹni tó ni ín á sì máa ṣe kàyéfì, torí pé ẹ̀rọ ọ̀hún kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Páọ̀ṣì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe àpò ńlá tí a ń fi kọ́ èjìká. Aṣọ pẹlẹbẹ ni páọ̀ṣì, òun la máa ń wọ̀ fún láptọ́ọ̀pù kí a tó ti í bọ inú àpò tí ìwé, oúnjẹ, agbòjò àti ṣájà ti wà. Nítorí pé nǹkan kékeré ni lójú, àwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yàn án. Èrò tèmi ni pé àwọ̀ ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: kí ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí láti ìgbà tí mo bá ti jáde nílé títí tí mo fi máa padà wọlé? Bí ìrìn ẹnì kan bá ṣe rí lójoojúmọ́ ni páọ̀ṣì tó yẹ ẹ́ ṣe máa rí.

Ọ̀pọ̀ gbà pé kí ẹ̀rọ já bọ́ ni ewu tó ga jù. Ewu gidi ni, màá sì dé orí ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wọ danfo láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ọ̀ṣòdì, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń bá pàdé láràárọ̀. Èèyàn mẹ́rin á fún mọ́ra lórí ìjókòó kan, àpò á wà lórí itan, ìgbúnwọ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ á wà lórí àpò, kọ̀ǹdọ́ á sì tún ní kí wọ́n sún díẹ̀ sí i. Nínú àpò yẹn, ìwé ńlá ń ti ẹ̀rọ láti iwájú, ṣájà ń ti í láti ẹ̀yìn. Ìdérí láptọ́ọ̀pù kékeré kò nípọn rárá, àlàfo tó sì wà láàárín síkírìnì àti kíbọ́ọ̀dù nígbà tí a bá pa á dé kò tó nǹkan. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Apple kìlọ̀ ní gbangba fún àwọn tó ń lo MacBook pé kí wọ́n má ṣe pa á dé nígbà tí ìbòjú kámẹ́rà bá wà lára rẹ̀, torí pé ike pínńṣín tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà yẹn tó láti ba síkírìnì jẹ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má lò ó, wọ́n ní kó má jẹ́ kó nípọn ju bébà ìtẹ̀wé kan lọ. Tí ohun tó fi díẹ̀ nípọn ju bébà lọ bá lè dá wàhálà sílẹ̀ láti inú, ẹ ro ohun tí ìgbúnwọ́ lè ṣe láti òde.

Púlọ́ọ̀gì ló burú jù nínú gbogbo ohun tó ń bá láptọ́ọ̀pù gbé nínú àpò. Púlọ́ọ̀gì elẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà, èyí tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní irin mẹ́ta tó le, tó sì ní etí. Ọ̀pọ̀ páọ̀ṣì tí wọ́n ń tà ló ní àpò kékeré níwájú, ó sì ń wu àwọn èèyàn torí wọ́n rò pé ṣájà ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá ti ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ̀yìn síkírìnì gan-an ni irin mẹ́ta yẹn dojú kọ. Ìwé pélébé àti wáyà tó rọ̀ ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Kí ṣájà wà nínú àpò tirẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àpò ńlá, kí ó jìnnà sí ìdérí.

Nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí, ẹni tí ọkọ̀ èrò jẹ́ ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́ nílò páọ̀ṣì tó ní ẹ̀yìn líle lápá kan ó kéré tán: ike pẹlẹbẹ tàbí pálí tó lágbára tí wọ́n rán sáàárín aṣọ àti fóòmù. Apá líle yẹn ni kí ẹ kọ ìdérí sí nígbàkígbà tí ẹ bá ń ti ẹ̀rọ wọlé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ tó sì ń gbé láptọ́ọ̀pù sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Nípa ìjábọ́, igun ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó bọ́ kì í sábà fi àyà gbalẹ̀. Igun kan ló máa ń kọ́kọ́ dé, gbogbo agbára ìṣubú náà á sì kó sí ojú kan tí kò tó èékánná. Ohun tí fóòmù ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró lójijì: bí fóòmù ṣe ń sún kì ni ẹ̀rọ ń dúró díẹ̀díẹ̀, agbára náà á sì ti dín kù kó tó dé ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ọmọdé já sórí sìmẹ́ǹtì àti kí ó já sórí òkìtì yanrìn nìyẹn. Nítorí náà, fóòmù tó rọ̀ jù kò wúlò, èyí tí kò tẹ̀ rárá náà kò wúlò. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka mú ògiri páọ̀ṣì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ìka méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kò sí fóòmù níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀, tó sì ta padà sípò ní kété tí ẹ fi í sílẹ̀ ni ẹ ń wá. Ẹ rí i dájú pé igun lẹ ti dán an wò, ẹ má dán an wò láàárín, torí níbi tí ọ̀pọ̀ páọ̀ṣì ti ń tàn wá jẹ nìyẹn. Fóòmù á nípọn láàárín, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń sún mọ́ igun ni ẹni tó rán an ti gé e kúrò kí abẹ́rẹ́ lè ráyè kọjá, aṣọ lásán ló sì kù síbi tí ẹ̀rọ máa fi balẹ̀.

Tí láptọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ṣì ní háàdì dísìkì tó ń yí, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń yí ní ìgbà 5400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbígbá kékeré nígbà tó bá ṣì ń yí lè ba ohun tó wà lórí rẹ̀ jẹ́, kò sì sí páọ̀ṣì tó nípọn tó láti dáàbò bò ó. Ẹ pa irú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e dìde lórí tábìlì. SSD tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù lónìí kò ní ohun tó ń yí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Nígbà tí ọmọ ọjà bá bi yín pé, “Ẹ̀gbọ́n, íǹṣì mélòó ni?”, síkírìnì ló ń bèèrè. Íǹṣì yẹn ni gígùn síkírìnì láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì. Kò sọ nǹkan kan nípa etí tó yí síkírìnì ká, kò sì sọ bí ara ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó tàbí bó ṣe nípọn tó. Ẹ wo MacBook Air. Èyí tí wọ́n gbé jáde láti 2010 títí di 2017 ní síkírìnì íǹṣì 13.3, ara rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 32.5, láti iwájú dé ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ 22.7. Èyí tó jáde ní ìparí 2018 ní síkírìnì íǹṣì 13.3 kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti dín etí dúdú náà kù, ara ẹ̀rọ sì ti di 30.41 ní fífẹ̀, 21.24 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó lé ní sẹ̀ǹtímítà méjì tó ti lọ nínú fífẹ̀ rẹ̀. Páọ̀ṣì tó bá ti àkọ́kọ́ mu wẹ́kú á máa mì lára ti ìkejì, méjèèjì ni ọmọ ọjà sì ń pè ní íǹṣì 13. Ohun tó tún yani lẹ́nu ni ti MacBook Air oní-íǹṣì 11.6 àtijọ́: ara tirẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ìyẹn ni pé mìlímítà mẹ́rin péré ló wà láàárín fífẹ̀ ẹ̀rọ kékeré yẹn àti ti “íǹṣì 13” tuntun. Láti iwájú dé ẹ̀yìn ni wọ́n ti yàtọ̀ síra.

Ti àwọn tòkunbọ̀ tún ní ìdààmú tirẹ̀. ThinkPad X220 àti X230 ní síkírìnì íǹṣì 12.5, àmọ́ àwọn kan nínú wọn ń lo bátìrì ńlá tó yọ jáde lẹ́yìn. Ẹni tó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó bá lọ ra páọ̀ṣì “íǹṣì 12” á délé, á rí i pé síìpù kò pa dé.

Nítorí náà, ẹ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lórí tábìlì, ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé, ẹ mú téèpù télọ̀. Rúlà ilé-ìwé kò tó fún un, torí pé sẹ̀ǹtímítà 30 ni tirẹ̀ dúró sí. Ẹ wọn fífẹ̀, ẹ wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn pẹ̀lú bátìrì tó bá yọ, ẹ sì wọn bó ṣe nípọn tó níbi tó ti nípọn jù, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Lọ́jà, ìwọ̀n inú páọ̀ṣì ni kí ẹ bèèrè, ẹ má bèèrè ti òde, torí pé fóòmù àti ojú ìrán á ti jẹ nínú rẹ̀. Kí inú rẹ̀ fi bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà kan ju ara ẹ̀rọ lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀. Aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń pè ní neoprene lè nà díẹ̀, awọ náà á nà bó bá pẹ́. Páọ̀ṣì líle tí wọ́n fi fóòmù EVA ṣe kò ní nà láéláé, ẹ má retí rẹ̀.

Bí ẹ bá lè gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dání lọ sọ́jà, ó sàn ju ìwọ̀n èyíkéyìí lọ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi wọ̀ ọ́ wò” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, kò sí ọlọ́jà gidi tó máa bínú sí i. Ẹ tì í wọlé, ẹ fa síìpù pa, ẹ gbé e dúró lórí igun, kí ẹ mì í jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ kí ó gbá inú, ẹ dá a padà. Tí ẹ bá ní láti fi ọwọ́ méjì fún un kí síìpù tó lè yí igun, ẹ dá a padà náà: ojoojúmọ́ ni eyín síìpù yẹn á máa ha ara alumíníọ̀mù.

Lórí síìpù, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ ike sàn ju ti irin lọ fún iṣẹ́ yìí. Kí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú, kí eyín má baà kan ẹ̀rọ rárá. Àwọn kan máa ń wá lẹ́tà YKK lára rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí Tadao Yoshida dá sílẹ̀ ní Japan ní 1934. Síìpù wọn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè ṣe ayédèrú síìpù lè ṣe ayédèrú lẹ́tà mẹ́ta. Ẹ fà á síwá sẹ́yìn léraléra ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó. Velcro tó máa ń dún ràà nígbà tí a bá ń já a máa ń kó òwú àti eruku mọ́ra títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́.

Neoprene tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló pọ̀ jù nínú páọ̀ṣì tí wọ́n ń tà. Rọ́bà àtọwọ́dá ni. Ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 1930. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó rọ̀, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ní ihò pínpínpín tí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dì pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Hugh Bradner, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California, fi irú rẹ̀ ṣe aṣọ fún àwọn òmùwẹ̀ tó ń wọ inú omi tútù. Ohun tó jẹ́ kí aṣọ náà ṣiṣẹ́ ni pé ooru ara òmùwẹ̀ kò lè tètè gba inú ihò tó dì pa wọ̀nyẹn jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun tó ṣàǹfààní fún òmùwẹ̀ lè pa láptọ́ọ̀pù.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Èèyàn á parí iṣẹ́, á pa ìdérí dé, á ti ẹ̀rọ bọ páọ̀ṣì, á sì jáde. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ ti kú. Kò kú, ó ń sùn ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Windows òde òní máa ń jí fúnra wọn láàárín oorun yẹn láti gba ìmélì tàbí láti ṣe àtúnṣe tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́. Nínú páọ̀ṣì, fáànù kò rí afẹ́fẹ́ tútù fà, ooru kò ríbi gbà jáde, bátìrì tó wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù á sì máa gbóná títí. Bí ọkọ̀ bá tún jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, tí ẹ sì gbé àpò sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀, ooru ti pàdé ooru. Apple kọ ọ́ sínú ìwé àwọn MacBook pé kí a má lò ó níbi tí ooru rẹ̀ bá ju ìwọ̀n Celsius 35 lọ, kí a má sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó ju 45 lọ. Inú ọkọ̀ tí wọ́n pa sínú oòrùn ọ̀sán gangan lè tètè kọjá 45. Ẹni tó bá ń lo neoprene ní ilẹ̀ olóoru, kó pa ẹ̀rọ rẹ̀ pátápátá kó tó wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ooru yìí ló tún ń jẹ́ kí bátìrì wú. Páọ̀ṣì tó bá ẹ̀rọ mu sì lè tètè tú àṣírí rẹ̀ fún yín: ẹ̀rọ tó ti ń wọlé wẹ́rẹ́ láti oṣù tó pẹ́, tó wá di pé ó ń há, tàbí pé síìpù ń wọ́ lórí rẹ̀, ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ wò ó. Tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ń mì, tí ojú kíbọ́ọ̀dù bá ti yọ ikùn, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ má ṣe fi agbára tì í wọlé mọ́, ẹ má ṣájì rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun ẹnu ṣóńṣó kàn án. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló yẹ kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí wọ́pọ̀ lára tòkunbọ̀, tí bátìrì rẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ ọdún níbòmíràn kó tó dé ọwọ́ wa.

Ní ti òjò, ẹ má gba ọlọ́jà tó ní omi kò lè wọ̀ ọ́ gbọ́ títí ẹ ó fi wo ojú ìrán. Neoprene fúnra rẹ̀ kì í gba omi sára, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá ti di ihò, síìpù fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ihò gígùn kan. Páọ̀ṣì tó dára á fún yín láyè láti sáré láti ibi tí ọkọ̀ já yín sí dé abẹ́ òrùlé. Kò ní gbà yín lọ́wọ́ òjò oṣù Kẹfà lórí ọ̀kadà. Fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ fi láílọ̀nù wé páọ̀ṣì láti òde, kí ẹ sì tú u ní kété tí ẹ bá débi tí ẹ ń lọ.

Omi mìíràn wà tí kò ti ojú ọ̀run wá, àwọn èèyàn kì í sì í fura sí i. Tí AC bá ti ń fẹ́ sí láptọ́ọ̀pù láti àárọ̀ nínú ọ́fíìsì, tí wọ́n wá gbé e jáde sínú ooru ọ̀rinrin Èkó, ara rẹ̀ á tutù ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sí i lára. Àwọn tó ń lo awò ojú mọ̀ ọ́n: ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ni awò á ṣú. Lára ẹ̀rọ, ihò USB àti abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ni omi yẹn lè gbà wọlé. Páọ̀ṣì ń dín in kù tí a bá lò ó bó ṣe yẹ. Inú yàrá tútù ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, kí ẹ fa síìpù pa kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ jókòó sínú rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ẹ bá délé kí ẹ tó tàn án. Aṣọ tó nípọn kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin tètè dé ara rẹ̀, títí tí òun náà á fi gbóná díẹ̀.

Inú páọ̀ṣì ló ń fara kan ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé èyí tí irun funfun gùn nínú rẹ̀ máa ń wu ọwọ́ nígbà tí a bá fọwọ́ pa á, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, irun yẹn ni yanrìn ń sá pamọ́ sí. Yanrìn le ju alumíníọ̀mù lọ. Ẹyọ kan tó há sáàárín irun á máa ha ìdérí bí ẹ̀rọ ṣe ń wọlé tó ń jáde. Aṣọ inú tó dán, tí irun rẹ̀ kúrú, ló dára. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ inú rẹ̀, kí ẹ já a: tí òwú bá bá a jáde púpọ̀, kò ní pẹ́ tí òwú náà á fi kún fáànù. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa yí inú páọ̀ṣì síta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n.

Màá sọ èyí láìfi bò: fún ọ̀pọ̀ nínú wa, télọ̀ àdúgbò lè rán páọ̀ṣì tó dára ju èyí tó wà lórí tábìlì ọjà lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ara ẹ̀rọ tiyín ló máa wọ̀n. Ẹ̀rọ ìránṣọ olórí dúdú tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lágbára tó láti rán an, tí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 tàbí 18 sí i. Fóòmù tí ẹ máa rà ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì fún yín: ó ń fa omi mu, ó sì máa ń pẹlẹbẹ láìpẹ́. EVA tí àwọn oníbàtà ń lò ni ẹ ń wá, èyí tó nípọn ní mìlímítà mẹ́ta sí márùn-ún. Ní Èkó, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta awọ àti èlò bàtà ní Múṣin lẹ ti lè rí i rà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni télọ̀ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 12, tó jẹ́ íǹṣì 8½ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó sì nípọn ní ìdajì íǹṣì. Aṣọ méjì pẹlẹbẹ ni a fẹ́ rán pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yí ìnípọn ẹ̀rọ náà ká. Nítorí náà a ó fi ìnípọn kún fífẹ̀: 12 àti ½. A ó fi ìdajì íǹṣì mìíràn kún un kí ẹ̀rọ lè mí, ó di 13. A ó tún fi ìdajì íǹṣì sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì fún ojú ìrán, ó di 14. Bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: 8½ á di 9½ lẹ́yìn tí ìnípọn àti àyè bá wọ̀ ọ́, á sì di 10½ nígbà tí ojú ìrán bá wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n tí a ó gé nìyẹn, íǹṣì 14 sí 10½, méjì fún aṣọ òde, méjì fún aṣọ inú. Bí fóòmù bá jẹ́ mìlímítà márùn-ún, ẹ tún fi ìdajì íǹṣì kún ọ̀nà méjèèjì, torí pé fóòmù á jẹ nínú àyè náà nígbà tó bá ń yípo.

Kí télọ̀ kọ́kọ́ rán fóòmù mọ́ aṣọ òde ní ìlà gbọọrọ-gbọọrọ, kí fóòmù má baà ká jọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni síìpù: kí ó gba gbogbo òkè kọjá, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí íǹṣì méjì-méjì lápá méjèèjì, kí ẹ̀rọ lè wọlé láìfagbára. Kí ó rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀ méjèèjì, ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé fóòmù kúrò ní igun, kódà kí ẹ fi òmíràn lé e níbẹ̀.” Ó lè ní abẹ́rẹ́ òun á kán. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ó rán igun ní roboto, láì jẹ́ kó ṣóńṣó, kí ó sì fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ojú abẹ́rẹ́ mélòó kan níbi tó ti nípọn jù.

Aṣọ òde wá kù sọ́wọ́ yín. Jíìnsì àti kànfáàsì kì í tètè gbó. Ànkárá nílò aṣọ líle lẹ́yìn. Aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn rẹwà gan-an lára páọ̀ṣì, àmọ́ òwú rẹ̀ máa ń há mọ́ kọ́kọ́rọ́ àti síìpù àpò ńlá, ó sì sàn kí a fi ṣe àmì tẹ́ẹ́rẹ́ lára jíìnsì. Tí àdìrẹ Abẹ́òkúta bá wù yín, ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún kí ẹ tó fún télọ̀. Tí aró bá ràn mọ́ aṣọ funfun, á ràn mọ́ ẹ̀rọ aláwọ̀ fàdákà náà, ẹ fọ àdìrẹ títí tí aró kò fi ní ràn mọ́. Mo fẹ́ràn páọ̀ṣì aláṣọ wa fún ìdí kan tó ju ẹwà lọ. Láti òkèèrè, kò jọ ohun tí láptọ́ọ̀pù wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá rìn wálé lálẹ́ láti ibi ìkàwé.

Tí páọ̀ṣì bá dọ̀tí, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ má fún un kíkan, ẹ má sì lọ̀ ọ́, torí ooru áyọ́ọ̀nù ń ba EVA àti neoprene jẹ́. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta nígbà tí òde bá gbẹ. Ní àsìkò òjò, ojú rẹ̀ lè gbẹ kí inú fóòmù ṣì tutù. Ẹ ti bébà inú ilé bọ̀ ọ́ mọ́jú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀: tí bébà bá jáde ní gbígbẹ, ẹ lè dá láptọ́ọ̀pù padà sínú rẹ̀.